Agbábọ́ọ̀lù Kì í Ṣe Ìwọ̀fà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni George Eastham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde láyé ní ẹni ọdún 88. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ni kò ní mọ orúkọ náà. Kò sí nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lọ lórí pápá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọdún 1966, ó wà lára àwọn 22 tí wọ́n yàn, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà rárá. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Jos tàbí láti Èkó bá jókòó níwájú àwọn olówó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní London, tí ó sì sọ pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé títí àwọn yóò fi fẹnu kò lórí iye owó òun, Eastham wà nínú àwọn tí ó la ọ̀nà náà fún un. Bí ó ti là á ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1901 ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin dé owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ san ju £4 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè: ní 1947 ó di £12, ní 1953 ó di £15, ní 1958 ó sì di £20 ní àkókò ìdíje àti £17 ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí a kì í gbá bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé owó kò wọlé. Nínú ìdíje ọdún 1948 sí 1949 nìkan, àwọn tí ó sanwó wọlé wòran ju mílíọ̀nù 41 lọ. Bí Stanley Matthews bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni yóò tò sí ẹnu ọ̀nà nítorí tirẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò lè fi kọ́bọ̀ kan ju èyí tí òfin là sílẹ̀. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji.

Ọ̀ràn owó yìí burú, ṣùgbọ́n òfin kejì ni ó burú jù. Ọdún kan péré ni ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù máa ń jẹ́, a sì máa parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ dá dúró àti ti àwọn tí ó ṣe tán láti tà. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí a dá dúró kò lè lọ sí ibòmíràn. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tuntun, ẹgbẹ́ kò ní san kọ́bọ̀ fún un, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn nínú Líìgì tí ó gbọdọ̀ gbà á, bí ó bá sì ré òkun kọjá, ìdè náà yóò bá a dé ibẹ̀, nítorí pé àwọn àjọ bọ́ọ̀lù gbogbo ayé ti bá ara wọn mulẹ̀. Ìgbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá san owó tí ó tẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lọ́rùn ni a tó lè dá a sílẹ̀. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń san owó náà fún.

Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa yóò rántí ohun tí a ń pè ní ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Bí ẹnì kan bá yá owó, a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé orí owó náà. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ìran tirẹ̀, ó ní àkókò tí ó fi ń ṣe oko tirẹ̀, ọjọ́ tí a bá sì ka owó náà lé olówó lọ́wọ́, ọ̀ràn ti parí, ó ń lọ sí ilé baba rẹ̀ ni. Nísinsìnyí, ẹ wo agbábọ́ọ̀lù òyìnbó. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọdún rẹ̀ pé, àdéhùn sì ti parí. Síbẹ̀ kò lè lọ. Bí a bá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, ìwọ̀fà ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ tí ó mọ̀. Agbábọ́ọ̀lù kò ní.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wọ inú ètò yìí. Teslim Balogun, ẹni tí gbogbo Èkó ń pè ní Thunder, wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tí wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnu fi ya àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1955 ó padà lọ síbẹ̀, ó bá Peterborough United ṣiṣẹ́, ní ọdún 1956 ó sì wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní London. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dé Queens Park Rangers, £15 ni òpin owó tí òfin gbà, bí ìbọn rẹ̀ ì bá tilẹ̀ fa àwọ̀n ya ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wọ pápá ìṣeré tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ní Sùúrùlérè láìmọ̀ pé irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni akọni náà fọwọ́ sí.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò bá òfin náà jà kí Eastham tó dé. Ní ọdún 1912, agbábọ́ọ̀lù kan tí ń jẹ́ Kingaby pe ẹgbẹ́ Aston Villa lẹ́jọ́ nítorí pé owó tí wọ́n bù lé e lórí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gbà á. Ó pàdánù, ìnáwó ẹjọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ fọwọ́ kan ilé agbọ́n náà.

Ọdún 1956 ni Eastham lọ sí Newcastle United láti ẹgbẹ́ Ards ní Àríwá Ireland. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àárín òun àti àwọn aláṣẹ bàjẹ́. Ó ní ilé tí wọ́n fún òun kò ṣeé gbé. Ó ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ní àwọn yóò bá òun wá kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó tún ní wọ́n ń dí òun lọ́wọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè òun. Bóyá gbogbo ẹ̀sùn yìí ni ó tọ́ tàbí ìdajì wọn, ìyẹn kọ́ ni kókó. Kókó ni pé nígbà tí ìwé rẹ̀ parí ní oṣù Kẹfà ọdún 1960, ó ní òun ń lọ, wọ́n sì ní kò sí ibi tí ó ń lọ. Eastham kò bẹ̀bẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba ìhà gúúsù lọ, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Ernie Clay ṣiṣẹ́ ní Surrey. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ ní ilẹ̀ náà wá di ẹni tí ń tajà. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ, ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, kò yọjú. Ní oṣù Kọkànlá ni ọ̀rọ̀ sú Newcastle, wọ́n tà á fún Arsenal ní £47,500.

Ènìyàn mélòó ni kì bá ti dákẹ́ níbẹ̀? Ó ti rí ohun tí ó ń fẹ́ gbà. Ó wà ní London, ó wà nínú ẹgbẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù wá bá a, wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga, nítorí àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gbà. Èyí ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà ju góòlù èyíkéyìí tí ó lè jẹ lọ.

Nígbà tí ẹjọ́ náà ṣì ń rọra lọ, ìjà kejì ti gbóná. Jimmy Hill, agbábọ́ọ̀lù Fulham tí ó ní irùngbọ̀n, ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń pe ìpàdé, ó ní bí wọn kò bá mú òpin kúrò lórí owó, àwọn yóò dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ròyìn ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé Manchester. Ọ̀dọ́mọdé kan dìde, ó ní baba òun ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, owó rẹ̀ kò tó ti agbábọ́ọ̀lù, kí ni wọ́n tún ń fẹ́? Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Tommy Banks ti ẹgbẹ́ Bolton, tí òun náà ti wa èédú rí, wá dìde, ó ní kí ọmọ náà bá òun kí baba rẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó ń sanwó láti wò ó bí ó ti ń wa èédú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí Stanley Matthews níwájú rẹ̀ tí yóò dí lọ́nà. Ẹ̀rín bú sẹ́ta. Wọ́n dìbò, ìdáṣẹ́sílẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kíní ọdún 1961 ni wọ́n dá. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta, àwọn aláṣẹ Líìgì juwọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Johnny Haynes ti Fulham fi ń gba £100 ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé alága ẹgbẹ́ rẹ̀, Tommy Trinder, aláwàdà orí ìtàgé, ti ń fọ́nnu pé iye tí òun ì bá máa san fún un nìyẹn bí òfin bá gbà. Òfin gbà, ó sì di dandan fún un.

Owó ti di òmìnira báyìí; ènìyàn ni kò tíì dòmìnira. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1963 ni Adájọ́ Wilberforce dá ẹjọ́ Eastham. Àwọn olùjẹ́jọ́ ti sọ pé bí a bá tú agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ olówó yóò kó gbogbo ọ̀jáfáfá lọ, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yóò sì parun. Adájọ́ gbọ́ wọn tán, ó ní dídá ènìyàn dúró lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, pẹ̀lú owó tí a ń bù lé e lórí, jẹ́ ìdíwọ́ tí kò tọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ adájọ́ náà. Richard Wilberforce jẹ́ ọ̀kan nínú ìran William Wilberforce, ẹni tí ó ṣe aáyan títí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807. Nítorí òfin yẹn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi wà lórí òkun ní ọdún 1822 tí wọ́n fi gba Àjàyí, ọmọ Òṣoogùn, lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, níbi tí ó ti di Crowther. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà fẹ́ràn láti máa pe ìwé àdéhùn wọn ní ìwé ẹrú, àwọn oníwèé ìròyìn sì rí ohun kọ nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ adájọ́. Àwa tí a mọ ohun tí ẹrú jẹ́ kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí ìlú ń jó kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó ń gba £20. Ìwọ̀fà ni mo pè é, mi ò sì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Kí ni Eastham jẹ nínú ẹjọ́ yìí? Ó béèrè owó oṣù tí wọn kò san fún un. Adájọ́ kò fún un, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ ní àkókò náà. Ó jàre, ó sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn ẹgbẹ́ tún wá ọgbọ́n mìíràn dá: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn nìkan ni ó lè yàn bóyá kí àdéhùn tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1978 ni ẹni tí ìwé rẹ̀ bá parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè yan ibi tí ó wù ú, owó ìdásílẹ̀ kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí ó mú un kúrò ni Jean-Marc Bosman, ará Bẹ́ljíọ̀mù. Ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Liège parí ní ọdún 1990. Wọ́n ní kí ó wá máa gba ìdá mẹ́rin iye tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé sì fẹ́ gbà á, Liège kò jẹ́ kí ó lọ. Ọdún márùn-ún ni ó fi jẹ́jọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá ọdún 1995, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Yúróòpù dá a láre: bí ìwé bá ti parí, kò sí owó ìdásílẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ di olówó. Òun náà gbọ́n ọwọ́ lásán, nítorí pé ìgbà gbígbá bọ́ọ̀lù ti kọjá lórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀pá ti bọ́ sọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù, nígbà mìíràn sì rèé ó máa ń wúwo fún un. Ọmọ ìlú Jos ni John Obi Mikel. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, ẹgbẹ́ Lyn ní Nọ́wè kéde pé ó ti fọwọ́ sí ìwé láti lọ sí Manchester United. Láìpẹ́, ọmọ náà ní wọ́n fi agbára mú òun ni, pé àwọn aṣojú òun kò sí níbẹ̀, Chelsea ni òun ń fẹ́. Ó fi Nọ́wè sílẹ̀, ó lọ sí London. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ FIFA, ó sì gbà tó ọdún kan kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2006: Chelsea san £12 mílíọ̀nù fún Manchester United àti £4 mílíọ̀nù fún Lyn. Ẹ wo bí ayé ti yí. Owó ìdákẹ́ lásán ni £12 mílíọ̀nù yẹn, fún ẹgbẹ́ tí Mikel kò gbá bọ́ọ̀lù fún ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí a kọ sínú ìwé ni ó ń dé àpò. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sá, ẹgbẹ́ lè lé ènìyàn ní àárín àdéhùn kí ìyókù owó rẹ̀ sì di àlá. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọlọgbọ́n ibẹ̀ ń béèrè ni pé èló ni kò ní yẹ̀ nínú rẹ̀. Nnamdi Asomugha, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, bá ẹgbẹ́ Philadelphia ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún ní 2011 lórí mílíọ̀nù 60 dọ́là. Mílíọ̀nù 25 péré ni ó dájú. Ọdún kejì pé, wọ́n ní ó tó. Ní ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, òfin FIFA ní kí a bọ̀wọ̀ fún ìwé títí yóò fi parí, láti ọdún 2018 sì ni wọ́n ti kọ ọ́ kedere pé ẹni tí a bá jẹ ní owó oṣù méjì lè fún ẹgbẹ́ ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 15, kí ó sì máa lọ.

Ibi tí kò sí ìwé rárá ni ọ̀ràn ti wá dìjà ní ìhà tiwa. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ kì í sábà ní àdéhùn kan lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláṣẹ lọ. Owó àjẹmọ́nú ni wọ́n ń ṣèlérí, ìgbà tí ìdíje bá sì ku ọ̀la nìkan ni ẹni tí a ṣèlérí fún ní agbára láti béèrè. Ní Jámánì ní ọdún 2006, àwọn ọmọ Tógò bá àwọn aláṣẹ wọn jà lórí owó tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ wọn, Otto Pfister, fi bínú lọ kí ó tó padà, FIFA sì ní láti dá sí i kí wọ́n tó lọ pàdé Swítsàlandì. Ní ọdún 2014 ní Bùràsílì, àwọn ọmọ Gánà ní àwọn kò fẹ́ ìlérí mọ́, owó ni kí wọ́n kó wá. Ìjọba Ààrẹ Mahama fi ọkọ̀ òfuurufú kó owó tí ó ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ ránṣẹ́ sí wọn. Ní ìdíje yẹn kan náà, àwọn Super Eagles tiwa kọ̀ láti jáde lọ gbára dì kí wọ́n tó bá Faransé gbá.

Àwọn kan sọ pé wọn kò fẹ́ràn ilẹ̀ wọn. Wọ́n pe Eastham ní aláìmoore pẹ̀lú. N kò gbà pé ẹni tí ó kó owó jọ sínú ọkọ̀ òfuurufú ni ó bá ìlú jẹ́. Ẹni tí ó ti ba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi gba ìlérí rẹ̀ gbọ́ mọ́ ni kí a bi.

Àwọn obìnrin ni ó ti rí i jù. Ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí àwọn Super Falcons gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa, wọ́n jókòó sí ilé ìtura wọn ní Johannesburg, wọ́n ní àwọn kò kúrò àfi bí owó àwọn bá dé. Ọdún 12 kọjá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 wọ́n ṣẹ́gun Kamẹrúùnù ní Yaoundé níwájú àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n gbé ife wá sí Abuja, owó kò sí. Wọ́n mú ife náà dání, wọ́n kọ̀, wọn kò fi í sílẹ̀, nígbà tí ó sì sú wọn, wọ́n wọ́de lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Nígbà tí a bi Mínísítà eré ìdárayá ìgbà náà léèrè ìdí tí owó kò fi sí nílẹ̀, èsì rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé wọ́n yóò borí.